Àmì Ẹ̀yẹ Tí Mo Sè Lórí Iná

Lábísí, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ékòó? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín àìsàn olóríṣiríṣi kò ní tòògbé lórí rẹ o. Nílé, ara wa le, àgbàdo gbó, ewúrẹ́ bàbá rẹ bí méjì, àmọ́ ojú ń ti ìyá rẹ.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi máa ń fi ojú ènìyàn hàn, n kò sì fẹ́ kí o rí mi. Mo ti fi gèlè bò ó nínú agbọ̀n. Bó bá ń dún, mo kàn máa ń kí ọ láti òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ àmì ẹ̀yẹ wúrà tí wọ́n fún ọ ni. Ọlájídé àbúrò rẹ gbé e dé lọ́jọ́ Ẹtì, mo jó, mo ń ké pé ọmọ mi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń wádìí kòkòrò àìfojúrí, ẹni tí àwọn òyìnbó pàápàá ń ké sí bí ibà eku bá ṣẹ́ yọ. Àfi bí mo ṣe wo páálí rẹ̀ tí mo rí i pé eku ti jẹ ẹ́ nígun, torí àárín àpò gàrí ni wọ́n fi sí nínú mọ́tò. Mo ní yéè, àwọn kòkòrò tí Lábísí ti ń fìyà jẹ láti ọjọ́ yìí ti wá gbẹ̀san nílé! Ṣebí ìwọ náà lo kọ́ wa pé ohun tí eku bá fẹnu kàn, ká fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bàlíkísù ará ilé kejì ní kí n pè ọ́ ná, mo ní kí ni mo tún fẹ́ bi í, ẹ̀kọ́ ti yé mi. Mo gbé ìkòkò kaná, mo da eérú àti ọṣẹ dúdú sí i, mo ki àmì ẹ̀yẹ náà bọ̀ ọ́, mo sè é títí ó fi hó, mo tún fi kànìnkànìn ha á.

Lábísí, wúrà náà bómi lọ. Orúkọ rẹ bá a lọ. Pùròfẹ́sọ̀ nìkan ló kù lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mọ pùròfẹ́sọ̀ wo ni. Bàlíkísù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín, ó kàn wọ yàrá lọ, torí òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìkórè. Alùfáà Micah ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì níwájú ìjọ, ó ní ibẹ̀ la ó gbé e sí kí àwọn ọmọbìnrin Ayétòrò lè rí i, kí wọ́n má bẹ̀rù ìwé mọ́. Mo parọ́ fún un pé ó ṣì wà lọ́nà. Èmi, ìyá ìjọ! Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, ǹ bá wọlẹ̀.

Jọ̀ọ́, má bínú. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọṣẹ, èyí tó wà nílé ti tán sára àmì ẹ̀yẹ. Bá mi bẹ àwọn tó fún ọ kí wọ́n ṣe òmíràn. Bí wọn kò bá gbà, ìwọ fúnra rẹ wá. Màá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, màá dìde níwájú gbogbo ìjọ, màá ní èyí tí wọ́n fún un, mo ti sè é bàjẹ́, ojúlówó rèé.

Orúkọ rẹ kò ní parẹ́ láyé, bí ìyá rẹ tilẹ̀ fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú ń tì,
Dinah.