Katakata Tó Ń Tètè Jí

Ọjọ́ Ajé, 8 Ṣẹ́rẹ́ 1979
Òtútù yìí kò lójú àánú. Ìyá Ọ̀lẹ kọ̀, kò jí. Katakata tí bàbá Orval rà kí àwa méjèèjì tó mọra! Láti àárọ̀ ni Orval ọkọ mi ti ń tẹ sítátà rẹ̀ — rùù, rùù, dákẹ́. Màlúù ń ké nínú ọgbà, koríko wọn wà lódìkejì oko, kò sóhun mìíràn tó lè fà á wá. Nígbà tí Orval wọlé, yìnyín ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ikọ́ yẹn tún ti dé.

Ọjọ́rú, 10
Marlys ọmọ wa pè láti ìlú Fargo. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Dádì ta àwọn màlúù yẹn o, kí òtútù tó pa wọ́n sí oko." Mo jíṣẹ́ fún Orval, Orí-kunkun mi. "Ọjọ́ tí màlúù mi bá lọ, ẹ lọ kan pósí mi." Ó sì ń jẹ ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ.

Òótọ́ ló sọ. Bí kò bá ní ohun tó máa bọ́ láàárọ̀, ojú fèrèsé ni yóò jókòó sí títí yóò fi tán.

Ẹtì, 12
Ẹyin iná la kó sábẹ́ ikùn Ìyá Ọ̀lẹ kó tó jí. Búréèkì rẹ̀ ti kú tipẹ́, inú jíà la ń fi í sí kó má baà yí lọ. Orval kì í sì í gun orí ìjókòó àyàfi tó bá ti jí — orókún rẹ̀ kò lè gòkè lásán. Ilẹ̀ ló ń dúró sí, níwájú táyà ńlá ẹ̀yìn, á na ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Lónìí ó gbàgbé, kò yọ jíà. Katakata mì jìgì, ó dúró. Mo pariwo. Ó ní, "Kí ló fẹ́ fi mí ṣe? Ó ti rẹ òun alára." Ẹ̀rín pa mí.

Àìkú, 14
Nídìí kọfí lẹ́yìn ìsìn, Duane aládùúgbò wa, tó ń tún ẹ̀rọ gbogbo wa ṣe, ní bátìrì fólítì mẹ́fà ni ìyọnu wa, kí òun gbé ti méjìlá sí i. Orval ní bàbá òun kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. "Bàbá rẹ wà ní sàárè. Ìwọ ni mo fẹ́ kó wà láàyè." Gbogbo tábìlì yíjú wò mí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Àbámẹ́ta, 20
Duane dé, bí mo ṣe ní kó wá. Bátìrì ńlá. Ó yọ dínámò tó ń fi iná sí bátìrì, ó fi òmíràn dípò. Gílóòbù tuntun. Ó so nǹkan kékeré kan mọ́ wáyà kí iná má baà jó kọ́ìlì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnì. Sítátà àtijọ́ ló fi sílẹ̀: "Á gba iná náà, ṣùgbọ́n á máa ta kìjí o. Orval, ẹ máa gun orí ìjókòó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́." Orí-kunkun ní, "Ìgbà tí wọn ò tíì bí ẹ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ilẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tó fi dún. Ojú ọkọ mi, bí ọmọdé! Mo lọ sunkún nídìí ààrò.

Ajé, 22
Ó jí.

Ìṣẹ́gun, 23
Ó jí. Ikọ́ ti fúyẹ́. Kò yẹ ká máa pè é ní Ìyá Ọ̀lẹ mọ́.

Àìkú, 28
Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Mo ń fọ abọ́, mo ń wo Orval láti ojú fèrèsé. Ó na ọwọ́. Kò yọ jíà. Katakata kò mì jìgì kó dúró lọ́tẹ̀ yìí. Ó jí, ó sì ń bọ̀, táyà ẹ̀yìn gorí ọkọ mi. Ara ògiri ilé màlúù ló ti dúró.

Mi ò lè kọ ìyókù.

Ọjọ́rú, 31
Ìsìn ìsìnkú ti parí. Ilẹ̀ ti dì bí òkúta, wọn ò lè gbẹ́ sàárè títí di ìgbà ìrúwé. Inú ilé òkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni pósí wà. Oúnjẹ àwọn obìnrin ìjọ kún tábìlì.

Duane ń sunkún. "Èmi ni mo gbé e sí i." Mo ní, "Èmi ni mo ní kó o gbé e sí i."

Marlys tún dá ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀. Màlúù ṣì wà. Pósí ló ṣáájú.

Ọjọ́bọ̀, 1 Èrèlé
Àwọn màlúù ń ké láti ìdájí. Mo wọ kóòtù Orval. Mo gun orí ìjókòó. Mo fọwọ́ kan jíà, mo tún fọwọ́ kàn án. Mo gbàdúrà kó kọ̀, bí ó ti máa ń kọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà.