Ta Ló Ni Lékèélékèé?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì, 1997

Inú ń bí mi. Kí n yáa kọ ọ́ síbí, kí n má baà lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n á ti gbọ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ wá sílé mi láàárọ̀. Isaiah ni o, àbúrò ọkọ mi olóògbé. Lójú rẹ̀, "ọkọ mi" ni mo ń pè é, ìyàwó ilé ni mí, mo mọ ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, Ọ̀pọ̀lọ́ ni, torí bó ṣe máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé mo ti ń kọ apá keje Lékèélékèé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló fún mi láṣẹ?

Àṣẹ! Èmi Monica, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Ta ló ronú kan amí ìjọba tó ń wọ funfun balau, nígbà tí gbogbo amí ayé ń wọ dúdú? Tí àwọn ọ̀daràn kì í fura sí i, torí kò sẹ́ni tó gbà pé amí lè hàn tó báyẹn? Èmi ni. Fídíò mẹ́fà, èmi ni mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ń wò ó ní Mopa, wọ́n ń wò ó ní Ẹ̀júkù. Ọkọ mi ló ń fi kámẹ́rà rẹ̀ yà á. Nígbà tó kú, ẹbí gbé kámẹ́rà fún Isaiah. N ò jà. Àṣà ni.

Òun ló wá ń sọ fún mi lónìí pé ẹni tó jogún kámẹ́rà ló jogún ohun tó ti inú rẹ̀ jáde.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹni tó jogún ìkòkò, ṣé ó jogún ẹni tó ń se ọbẹ̀ ni?" Ó wú. Ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo bá lọ́yà kan tó wá láti Lọ́kọ́jà sọ̀rọ̀. Ó ní òfin wà fún ẹni tó kọ ìtàn, n ò ní pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà á pẹ́. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kí wọ́n tó dá a, Lékèélékèé á ti máa fi ọ̀pá rìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ọlọ́runṣọlá wá jẹun. Òun ni Lékèélékèé fúnra rẹ̀ — akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kaftáànì funfun yẹn, ṣùgbọ́n bó bá gbójú sókè báyìí, ẹ̀rù á ba ọ̀daràn. Ó jẹ ẹ̀bà tán kó tó jẹ́wọ́ ohun tó gbé e wá.

Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ ya fíìmù tirẹ̀. Ó fẹ́ pa Lékèélékèé. Ó fẹ́ pa á, kó sin ín, kó ti ìtàn náà pa. Ó ní bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun bá fẹ́ máa kọ̀wé, kó lọ máa kọ ọ́ sórí sàréè.

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? O gbà láti kú?" Ó ní, "Tíṣà, ikú náà dùn ni." Wọ́n á yìnbọn lù ú, á tún rìn díẹ̀, á sọ̀rọ̀ tó gùn, á wá ṣubú. Ó ṣubú hàn mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi. Ó tún un ṣe. Ó bi mí èwo ló dára jù nínú méjèèjì.

Ọ̀dàlẹ̀. Mo tún fún un lẹ́ran.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ọ̀pọ̀lọ́ ló gbé igbá ọrẹ dé ìlà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo di owó mi mú. Ọlọ́run mọ ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mama Elizabeth! Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa!

Ìyá Ọlọ́runṣọlá ni. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ máa sùn sínú pósí. Ó gbé àpótí ìjókòó lọ sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀pọ̀lọ́, ó jókòó. Ó ní alààyè kì í wọ pósí. Ó ní ẹni tó bá lọ wọ̀ ọ́ wò ti juwọ́ sí ikú nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ ní eré ni. Mama ní kó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀lọ́ ò wọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?

Níkẹyìn, wọ́n gbà pé wọ́n á kan pósí náà pa. Iṣu ni wọ́n á kó sí i, kó lè wúwo. Iṣu Ìkòyí ti ìtòsí wa níbí, tó tóbi dáadáa.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa pa á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo ní n ò ní lọ. Mo lọ.

Gbogbo Kabba wà níbẹ̀. Wọ́n ti yìnbọn lù ú lánàá, ìsìnkú ló kù. Pósí funfun, èyí tí wọ́n háyà ni, Ọ̀pọ̀lọ́ ń kígbe pé kí wọ́n má ha á lára o. Ó ti sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe bí ẹni ń sunkún. Ṣíṣe bí ẹni ń ṣe kọ́ ni wọ́n ṣe o! Obìnrin kan láti Ìyàrá ju ara rẹ̀ nílẹ̀, ó ní ta ni yóò máa gbà wá báyìí. Àwọn àgbà ọkùnrin ń fọn imú. Ọlọ́runṣọlá dúró lẹ́yìn, ó fi fìlà bojú kí kámẹ́rà má baà rí i. Ó sunkún ju gbogbo wa lọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun tó yẹn.

Ọ̀pọ̀lọ́ fi ojú kan sí kámẹ́rà, ó ń wú.

Èmi náà sunkún. N ò ní purọ́ fún ìwé mi. Nígbà tí wọ́n sọ pósí iṣu yẹn kalẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ọkọ mi kalẹ̀ ló rí lára mi. Àwa méjèèjì la jọ tọ́ Lékèélékèé. Òun ló kù mí kù.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Wọ́n gbé pósí padà fún oníháyà. Wọ́n fi òkú se àsáró. Baba Boaz, olórí agbo ilé ọkọ mi, jẹ àwo méjì.

Ọjọ́rú, 19

Onígbàjámọ̀ kọ̀, kò gé irun Ọlọ́runṣọlá. Ó ní òun ò tíì gé irun òkú rí. Mama Elizabeth ti ní kó lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá Baba Boaz. Ó ní ká wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ wọn ni Isaiah. Èmi, wọ́n fẹ́ mi wá ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Kí n tètè kọ ọ́ kí n tó gbàgbé!

Ọ̀pọ̀lọ́ kọ́kọ́ rojọ́: kámẹ́rà, ogún, ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn àgbà ń mi orí. Mo ti rò pé ó tán. Baba Boaz wá bi í bóyá Lékèélékèé wà láàyè. Ó ní rárá, ó ti kú, gbogbo ìlú ló sin ín. Baba ní ta ló pa á? Ọ̀pọ̀lọ́ wú dé góńgó. Ó ní, "Èmi ni, Baba. Èmi gan-an ni mo pa á."

Baba jẹ obì díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Nínú ilé yìí, ẹni tó bá pa èèyàn kì í jogún rẹ̀."

Mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde lára Isaiah. Wọ́n ní tèmi ni Lékèélékèé. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, mo kí òun náà: "Ọkọ mi, ẹ kú ìnáwó ìsìnkú."

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo jó débi pẹpẹ. Mo fi ọrẹ tọ̀sẹ̀ yẹn lé tòní.

Mo délé, mo jókòó láti kọ apá keje. Yéè. Mo ni Lékèélékèé lóòótọ́. Òkú rẹ̀ ni mo ni!

Mo ṣáà wo ògiri. Àfi bí mo ṣe rántí iṣu. Ta ló rí ojú òkú? Kò sẹ́nì kankan! Amí tí a ò rí ojú rẹ̀ nínú pósí, ṣé ẹni yẹn kú? Mo pariwo débi pé aládùúgbò wá wò bóyá ejò ni. Iṣu ni wọ́n sin. Ó wà láàyè!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo lọ sọ fún Baba Boaz, kó má baà dà bíi pé mo jí nǹkan ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní òtítọ́ ni, iṣu ni, òun mọ bó ṣe dùn tó.

Ó wá nu ojú. Ó ní, "Ìyàwó wa, bó bá jí, a jẹ́ pé Isaiah ò pa á. Bí Isaiah ò bá pa á, kí ni mo fi gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀?"

Bó bá kú, tèmi nìkan. Bó bá jí, ká padà wá rojọ́.

Kí ni mo lọ sọ fún un sí? Ẹnu mi yìí!

Ọjọ́rú, 26

Kó kú bẹ́ẹ̀. Tèmi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Àwọn ọmọ kíláàsì mi. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá jáde ṣeré, wọ́n á so áńkáṣíìfù funfun mọ́rùn, wọ́n á máa lúgọ sẹ́yìn igi kaṣú, gbogbo wọn ni Lékèélékèé. Mo wò wọ́n lónìí. Wọ́n gbé ọmọ kan sórí pákó, wọ́n tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń sunkún. Ìsìnkú ni wọ́n ń ṣe. Mo ní kí ló dé tí wọn ò ṣe amí mọ́? Wọ́n ní, "Tíṣà, ó ti kú."

N ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Mo lọ sílé Isaiah. Ó ń nu kámẹ́rà, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi yà. Ó ti rù. Ó kí mi pé, "Ìyàwó wa, okun o." Kò wú.

Mo ní, "Ọkọ mi, iṣu lẹ sin. Ó jí."

Ó wò mí títí. Ó mọ ohun tí mo sọ, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi da ẹjọ́ mi nù. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn òun ò rí oorun sùn, ó ń ṣe òun bíi pé òun tún sin ẹ̀gbọ́n òun lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀.

Ó wá bi mí báwo ló ṣe máa jáde nínú pósí. Mo sọ fún un. Ó ní rárá, kámẹ́rà ò lè rí ìyẹn, kí n yí i padà. Mo ní ta ló ń pàṣẹ fún mi? Ó ní ẹni tó ni Lékèélékèé ni. Mo ní èmi ni mo ni ín. Ó wú — ó wú dáadáa, bíi ti tẹ́lẹ̀! — ó ní tòun ni. Mo ní tèmi ni.

A pariwo títí àwọn ará ilé fi jáde. N ò tíì láyọ̀ báyìí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú.