Ta Ló Jẹ̀bi Fáírọ́ọ̀sì Tó Wọ Ṣọ́ọ̀bù Mi?

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí tó sọ mí di ìyá,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ èyí tó kéré jù lẹ́nu, ṣé ó ti lọ? Ibi tẹ́ ẹ bá yà sí, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ni wọ́n á fún yín jókòó sí. Èmi náà wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí, òun náà sì ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí náà kò ráyè dùn mí púpọ̀.

Ìdí tí mo fi ń fi bírò kọ lẹ́tà yìí, tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí o rà fún mi, ni pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Má tíì pariwo. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ìyá ìyàwó rẹ á ti ro tirẹ̀. Kí n sì tó máa lọ, mi ò ní pè é ní "wọn" nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé àna mi ni, mo mọ̀ pé ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, bírò náà sì kọ̀ jálẹ̀.

Ìwọ náà mọ bó ṣe jẹ́. Ọjọ́ kan náà lo ra kọ̀ǹpútà fún àwa méjèèjì, èmi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, òun ní tirẹ̀ lódìkejì títì. O ní kò sí ìyàtọ̀. Mo ti fi téèpù wọn tèmi, mo sì wọn tirẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ kí i tó wọlé lọ bu omi wá fún mi. Ìwọ̀n kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń dán jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù wá láti ìlú yín já páálí kan sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo sọdá lọ kí awakọ̀, mo bá orúkọ rẹ lára páálí. Mo dúró, mo rò pé tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí! Mo bi àna mi pé kí ló wà nínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹrù lásán ni, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì. Ọmọ mi, ṣebí ọmú tèmi lo mu?

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí kọ̀ǹpútà pé kí n wo ìwọ̀n àwọn ọmọ iléèwé, torí yunifọ́ọ̀mù ogójì ni mo gbà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì fẹ́ gbà á. Mo bá àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ẹni tó kọ ọ́ ò dárúkọ. Ó ní àwòrán ẹ̀bùn kan wà tí wọn ò fẹ́ kí n rí, kí n tẹ ibí. Háà! Mo ní Ọlọ́run ti bá mi wá ẹlẹ́rìí. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ̀ ẹ́, mo tún kọ èsì sí ẹni náà pé ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí àwòrán náà hàn dáadáa, èmi ni ìyá ọmọ tó ra ẹ̀bùn ọ̀hún. Kí n tó mọ̀, ìwọ̀n ogójì ọmọ ti dàrú. Ibi tó yẹ kí n rí àyà àti gígùn ọwọ́, àmì wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Ojú tì mí. Mo pa á dé, mo fi aṣọ bò ó, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri kó lè ronú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ariwo sọ lódìkejì títì. Kọ̀ǹpútà àna mi náà ti kó o. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Àfi bó ṣe sọdá wá, ó ní ọ̀dọ̀ mi ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wá, pé kí òun tẹ ibí wo àwòrán, pé torí òun rí orúkọ mi lòun ṣe tẹ̀ ẹ́. Mo ní irọ́ ni, mi ò rán nǹkankan sí i. Mo ní òun ló fi ìlara kó o ràn mí, mo sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé iwájú ẹgbẹ́ aránṣọ nìyẹn.

Alága wa pe ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, èyí tá à ń pè ní Onígíláàsì. Ó ṣí méjèèjì, ó wo aago inú wọn, ó ní tèmi kó o lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láago mẹ́wàá àárọ̀, ti àna mi di Ọjọ́rú. Ó ní inú tèmi ni fáírọ́ọ̀sì náà jókòó sí tó ń fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ẹnu ò kò mọ́ nínú ìpàdé. Àwọn kan ní ẹni tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ló jẹ̀bi. Àwọn kan ní ìwọ tó ra kọ̀ǹpútà fún wa láìkọ́ wa yanjú lo jẹ̀bi, ẹ̀yìn àwọn yẹn lèmi wà. Akọ̀wé ní ká kọ̀wé pe ẹni tó ni íńtánẹ́ẹ̀tì kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Alága wá ní ẹni tó jókòó ṣe fáírọ́ọ̀sì náà ni ọ̀daràn, kì í ṣe ẹni tó tàn jẹ, pé ká lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá. Ló bá yíjú sí mi. Ó ní ká ní mo pariwo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, kí n yọ ẹ̀rọ mi kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má tẹ ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ mi wá, ti àna mi ì bá má kó o. Ó ní títẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, dídákẹ́ ni.

Onígíláàsì ní òun á fọ fáírọ́ọ̀sì kúrò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti lọ, torí mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ó tún ní kí n pa ọ̀rọ̀ àṣírí tí mo fi ń ṣí ẹ̀rọ dà, pé orúkọ rẹ tí mo ń lò rọrùn jù. Mo bi í bóyá orúkọ rẹ ni àna mi náà ń lò. Ó ní òun ò lè sọ. Bá mi wádìí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò bẹ̀ ẹ́ o, àna mi gbé ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sọdá. Òun ló rán yunifọ́ọ̀mù yẹn lọ́dún tó kọjá, kì í sì í fọkàn tán ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan ló ń kọ sílẹ̀. Ó ní ká fi ínǹṣì méjì kún ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti ga sí i. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì, a jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní ju tèmi lọ. Ó dùn mí.

Ibi tí mo ti ń ṣí ìwé náà ni mo ti rí i: "Ìyá ọkọ ọmọ mi." Àyà, ìbàdí, gígùn. Mo ní kí lèyí? Ó ní mo ti ba gbogbo ètò jẹ́. Ó ní aṣọ ló wà nínú páálí, pé ìwọ lo rà á fún ọgọ́ta ọdún mi, pé bí o bá fi ránṣẹ́ sí èmi aránṣọ, ọwọ́ ara mi ni màá fi rán an, kò sì ní yà mí lẹ́nu mọ́. Ó ní ojú lòun fi wọ̀n mí láti òdìkejì títì. Ọmọ mi, omijé mi bọ́ sórí yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. O rí i pé mo ti ń pè wọ́n ní "wọn" báyìí. Wọ́n ní kí n dìde jàre, yunifọ́ọ̀mù ṣì kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbàdí mi tí wọ́n kọ ní mẹ́rìndínláàádọ́ta, irọ́ ni o. Mẹ́rìnlélógójì ni.

Jọ̀ọ́, fi owó Onígíláàsì ránṣẹ́, ti kọ̀ǹpútà méjèèjì, torí èmi ni mo kó o ràn wọ́n. Fi díẹ̀ lé e kí n fi ra ìwé ìwọ̀n, èyí tó nípọn ju tiwọn lọ. Bí o bá rí àwòrán kankan láti ọ̀dọ̀ mi, má tẹ̀ ẹ́, pè mí ná. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilẹ̀kùn tó o bá ṣí jẹ́ ti ayọ̀, èyí tó yẹ kó wà ní títì, á bá ọ tì í pa. Ọmọ rẹ náà á ra aṣọ fún ọ.

Ó ku ẹyọ kan. Ra aṣọ fún ìyá ìyàwó rẹ náà, kó o fi ránṣẹ́ sí mi, èmi ni màá rán an. Mo ti fi ojú wọ̀n wọ́n tipẹ́. Kí aṣọ náà dára o. Ṣùgbọ́n kó má dára tó tèmi.

Èmi ni ìyá rẹ, èyí tó bí ọ.