Èmi Ni Mo Kéde Lórí Ràdíò Pé O Sọnù

Bantè, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ornella ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kútọnu, mo kí ọ kú ìnira ojú títì. Ṣé ara le? Ṣé orí tó máa ń fọ́ ọ nígbà tí o bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé ilẹ̀kùn yàrá rẹ ti ń tì dáadáa báyìí? Ìgbà tí mo wá kí ọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi èjìká tì í tó ṣí, mi ò sì tíì sinmi àròyé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ yóò ṣọ́ ọ. Òkun kò ní kúrò ní àyè rẹ̀ wá bá ọ, iná kò ní jó okùn kọ̀ǹpútà rẹ, àwọn tó ń wa mọ́tò bí ẹni tí oyin ń lé kò ní bá ọ pàdé. Àmín.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ilé, mo bẹ̀ ọ́, bí lẹ́tà tí o fẹ́ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ bá ṣì wà nínú àpò rẹ, jẹ́ kó máa wà níbẹ̀. Bí o bá ti fún ọ̀gá ilé-ìwé yín, sáré lọ gbà á padà, kí o sọ pé ara bàbá rẹ ò yá. Irọ́ kọ́. Ara mi ò yá láti Ọjọ́bọ̀ tí mo ti ka ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló wá sí ìkànnì tí o ń kọ ìtàn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé ọ̀dọ̀ wa ní Bantè àti Savalou ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, pé wọn kì í tètè lọ, wọ́n ń jókòó ti ìtàn kan fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, pé ẹ̀rọ tí ò ń sanwó fún láti fi fa òǹkàwé ti ń ṣiṣẹ́ wàyí, àti pé ní ìparí oṣù yìí o máa fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, o máa gbájú mọ́ ìwé kíkọ nìkan. Mo kà á, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí mo ṣe.

Ornella, kì í ṣe ẹ̀rọ rẹ. Èmi ni. Má tíì bínú, tàbí kí o jókòó bínú, kí n ṣàlàyé. Mi ò lè pè ọ́, nítorí iwájú ṣọ́ọ̀bù Wahab nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró, o sì mọ̀ pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, àwọn ará Koko ní ìlú kejì náà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún dírẹ́bà tó ń lọ sí Kútọnu ní lẹ́tà yìí.

Ṣé o rántí ìgbà tí o wá sílé fún àjọ̀dún iṣu tuntun? O gbé kọ̀ǹpútà lé itan, o fi ẹ̀rọ náà hàn mí. O ní ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òǹkọ̀wé lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú, kí wọ́n lè bá a pàdé. Ìyẹn yé mi. Bí Wahab ará Ṣakí ṣe ń to ìgò epo bẹntiróòlù sí etí títì náà ni, kì í kó wọn pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí o fi máàkì tí ẹ̀rọ fún ọ hàn mí, àyà mi já. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún! Nígbà tí àwa wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou, ẹni tó bá gba iye yẹn á tún kíláàsì náà ṣe, bàbá rẹ̀ á sì ti gbọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó délé. Ẹ̀rín lo ń rín. O ní ẹ̀rọ náà ní àkọlé rẹ gùn jù, ìtàn rẹ gùn jù, kí o gé wọn kúrú, o sì ti gé wọn. O ní àwọn tó ń wá kì í ju ogún lọ lóṣù, wọ́n á wọlé, wọ́n á lo ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, wọ́n á jáde. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá! Agbowó-orí pàápàá máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi ọ́ bóyá o kí wọn dáadáa, bóyá ẹnì kan fún wọn lómi mu, o tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pa kọ̀ǹpútà dé, mi ò rí ẹ̀rín kankan lójú rẹ mọ́. O ní bí ẹnikẹ́ni ò bá wá ọ, ta ló fẹ́ rí ọ?

O padà sí Kútọnu, ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ọ lọ. Ọ̀dọ̀ mi ló kù sí. Ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Savalou, sí ilé ràdíò kan tí mi ò ní dárúkọ. Obìnrin tó ń gba ìkéde níbẹ̀ ń jẹ́ Moubarakath. Mo ní mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọmọ mi ń kọ ìtàn, kí wọ́n lọ wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó na ìwé kan sí mi. Oríṣi ìkéde mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ tí èèyàn lè fi àmì sí: ti òkú, ti ọjà títà, ti ìpàdé, ti ẹni tó sọnù. Mo ní ti òǹkọ̀wé ńkọ́? Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jókòó sórí àga yẹn, òǹkọ̀wé kankan ò tíì wá. Mo ro ó síwá sẹ́yìn. Ti òkú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ti ọjà, mi ò ta ọmọ mi. Ti ìpàdé, àwọn ènìyàn á wá máa retí ìrẹsì. Ti ẹni tó sọnù ló kù, òun nìkan ló sì ní kí àwọn ènìyàn wá ẹnì kan. Mo fi àmì sí i. Mo mọ̀ pé o ò sọnù o, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tó bá dé ìkànnì rẹ, tó rí ọ níbẹ̀ tí ò ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, á mọ̀ pé àlàáfíà lo wà. Ìwé náà bèèrè ìgbà tí a rí ọ kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ kejì àjọ̀dún iṣu. Ó bèèrè aṣọ tí o wọ̀, mo kọ ọ́ pé ṣòkòtò tó ya ní orúnkún méjèèjì, nítorí òtítọ́ ni. Ó bèèrè ibi tí a ti lè gbúròó rẹ, mo kọ orúkọ ìkànnì rẹ, lẹ́tà kan tẹ̀lé ìkejì.

Ọjọ́ méje ni wọ́n fi kà á, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ní èdè wa, ní Mahi, ní Faransé. Ohùn Moubarakath ń gbọ̀n. Èmi tí mo kọ ọ́, nígbà tó dé ibi ṣòkòtò, omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ mi, ìlú gbóná. Màmá Marthe, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, gun alùpùpù láti Pira, igbe ló gbé wọlé. Ó ti pe nọ́ńbà rẹ àtijọ́ tí o ti pa tì, obìnrin inú fóònù sì ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́, ó ní kí n pa á dé, pé ọkùnrin tí kò lè ṣọ́ ọmọ kan ṣoṣo, kí ló tún fẹ́ sọ. Mo pa á dé. Àṣìṣe mi kejì nìyẹn, òun ló sì wúwo jù. Ní ìjọ wa, ìyá wòlíì ríran sí ọ. Ó ní òun rí ọ níbi tí o jókòó sí iwájú ìmọ́lẹ̀ kan, ojú rẹ pọ́n, o ò tíì jẹun. Gbogbo ìjọ bú sẹ́kún. Èmi mọ̀ pé òtítọ́ ni, bí o ṣe máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Gbogbo wọn wá ń wọ ìkànnì rẹ. Èmi náà wọ̀ ọ́. Kí n tó wọlé, àpótí kan yọ síta lójú fóònù, ó bi mí bóyá mo gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ pé rárá, Wahab ló gba fóònù lọ́wọ́ mi tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Jọ̀wọ́, kí ni mo gbà? Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, tètè sọ fún mi, nítorí ti ẹ̀yìn ilé yẹn kì í ṣe tèmi nìkan.

Wọn kò ka ìtàn rẹ bí ìtàn o. Bí ọdẹ ṣe ń wo ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀ ni wọ́n ń kà á, kí wọ́n lè mọ ibi tí o gbà lọ. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń ka ti Faransé, Wahab ń ka èyí tó wà ní èdè wa sókè lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tó kó wọn láyà sókè jù ni ti obìnrin tó gbé ìkòkò irin rù kúrò nílé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láì sọ ibi tó ń lọ, tó dé oríta, tó yà sí ọ̀nà igi tíìkì, tí o sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wahab ní ìkòkò náà ṣófo. Màmá Marthe ní ta ni yóò jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti ru ìkòkò òfìfo, àbí ibi tí Wahab ti wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wahab ní kí Màmá má bínú, ṣé àwọn obìnrin Pira kò ti ru ìkòkò òfìfo rí nítorí kí ọkọ wọn lè bẹ̀ wọ́n ni? Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Alùpùpù mẹ́ta lọ sí Atokoligbé nítorí pé igi tíìkì wà níbẹ̀. Romaric tó fẹ́ fi ọ́ ṣaya nígbà kan, tó ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí, ló ṣáájú, inú ìyàwó rẹ̀ ò sì dùn. Obìnrin kan ni wọ́n bá tó ń sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn, wọ́n bi í bóyá òun ni ìwọ. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú ìkòkò náà fún òun.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rẹ nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ dé lỌ́jọ́bọ̀, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn, ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì kò tíì mọ́ tán tí mo ti wà lójú ọ̀nà Savalou. Mo ní kí Moubarakath kéde pé a ti rí ọ. Ó wo ìwé rẹ̀ síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní kò sí ti ẹni tí a rí. Ó ní bí àwọn ènìyàn bá ti rí ẹni wọn, wọn kì í tún padà wá sanwó, wọ́n á lọ sùn ni. Kò sí ọ̀nà míì ju kí a fi àmì sí ti ìpàdé. Ó wá kà á pé a ti rí Ornella, kí gbogbo ènìyàn péjọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Bantè lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n péjọ. Àwọn kan gbé abọ́ wọn dání. Mo dìde níwájú wọn, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Wahab ní òun ti rí ẹni tó fi ewúrẹ́ pamọ́ tó ní ó sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọmọ sí Kútọnu tó wá ń fi ràdíò wá a, èyí ni àkọ́kọ́. Màmá Marthe dìde. Ó bọ́ gèlè, ó tún un wé, ó jáde. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Lánàá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wahab láti bẹ ẹnikẹ́ni tí mo bá bá níbẹ̀. Mo rò pé bẹ́ǹṣì á ṣófo. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló jókòó, Màmá Marthe wà láàárín. Mo ní ṣé wọn ò gbọ́ ni, ọmọ mi ò sọnù. Màmá Marthe ní ta ló ń bèèrè ọmọ mi? Ó ní obìnrin tó ru ìkòkò ni wọ́n ń wá. Ó ní ọjọ́ wo ni ìwọ tí o kọ ọ́ fẹ́ sọ ibi tó ń lọ, àbí oríta ni kó máa dúró sí títí ìkòkò á fi ṣẹ́ ẹ lọ́rùn? Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ló ní kí o gé ìtàn kúrú, pé àwọn ènìyàn kò ní àyè. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ̀rọ náà pé Bantè ni àwọn wà, àyè wà.

Nítorí náà, dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ, Ornella. Ènìyàn mẹ́sàn-án ò lè san owó ilé ní Kútọnu. Ṣùgbọ́n parí ìtàn náà, kí o kọ ọ́ gùn bó bá ṣe gùn tó. Èmi náà fẹ́ mọ̀. Mo rò pé ìkòkò náà ò ṣófo, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún Wahab.

Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi se ìrẹsì fún àwọn tó gbé abọ́ wá, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò mí kò dára. Fi èyí tí Wahab á fi ra íńtánẹ́ẹ̀tì kún un, ti àwọn yòókù ti tán, fóònù rẹ̀ nìkan ni gbogbo wa fi ń kà á. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ rẹ bá sọ fún ọ lọ́sẹ̀ yìí pé ẹnì kan ṣoṣo ló wá láti Bantè, má jẹ́ kí ọkàn rẹ rẹ̀wẹ̀sì. Àwa mẹ́wàá ni.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á jẹ́ àmúdélé, ẹni tó bá jókòó tì í kò ní yára dìde.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò tíì sinmi,
Barthélemy