Màmá Ishbel Tulloch (1936–2019), Ẹni Tí Ó Gbin Kopukupuku Padà Sí Òkè

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1936, tí í ṣe ìgbà òtútù ní ìhà gúúsù ayé, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, ni a bí Màmá wa, Ishbel Margaret, ní ilé kan lẹ́bàá Fairlie ní gúúsù New Zealand. Olóògbé Wattie Geddes, darandaran àgùntàn, ni bàbá wọn. Olóògbé Effie ni ìyá. Màmá ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin.

Màmá kàwé títí wọ́n fi di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀yìn ń dun ìyá wọn, nítorí náà wọ́n padà sílé láti máa se oúnjẹ fún àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn. Orí òkè, nígbà tí wọ́n ń bá bàbá wọn kó ẹran jọ, ni wọ́n ti mọ kopukupuku, òdòdó funfun tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, tí ó máa ń gba omi òjò dúró tí darandaran ń mu.

Ní ọdún 1958, wọ́n fẹ́ Bàbá Murdo Tulloch, olóko àgùntàn ní ẹsẹ̀ òkè. Ọlọ́run fi Fergus àti Rhona ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1963, Màmá rí i pé àgùntàn àti àgbọ̀nrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ kopukupuku tó wà ní àfonífojì ẹ̀yìn ilé tán. Wọ́n bẹ ọkọ wọn pé kí ó fi wáyà ṣọgbà yí i ká. Bàbá rẹ́rìn-ín:

“Ishbel, àgùntàn ló ń bọ́ wa o. Òdòdó wo ló ń bọ́ èèyàn?”

“Ó dáa. Kí àgùntàn rẹ máa se oúnjẹ alẹ́ fún ọ.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi jẹ búrẹ́dì gbígbẹ.

Ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin hóró òdòdó náà fúnra wọn. Ti ọdún kìíní, wọ́n tọ́jú hóró sínú agolo títí ó fi gbẹ, kò hù. Ti ọdún kejì, wọ́n gbé ìkòkò sẹ́bàá sítóòfù, ó jẹrà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbin hóró tútù, wọ́n sì fi í síta. Ọdún kan kọjá láìsí ewé. Lẹ́yìn òtútù kejì, wọ́n fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò náà nù, ni Bàbá figbe ta: “Dúró! Nǹkan tútù kan ń yọjú níbẹ̀ o!”

Ní ọdún 1967, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ilé ìwòsàn. Orí ibùsùn ni wọ́n ti ń sunkún nítorí àwọn ọ̀gbìn wọn, pé wọn yóò ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá kàn ní, “Wọ bàtà, jẹ́ ká rìn.” Wáyà tuntun ti yí àfonífojì ká, ọ̀gbìn mọ́kàndínlógún sì wà lábẹ́ ibòòji, kò sí èyí tó kú.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Àwọn àgùntàn ni.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ wọn mú.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni Màmá ń gbin àwọn ọ̀gbìn wọn padà sí àfonífojì náà. Ẹni tó bá sì tọ̀ wọ́n wá, ní ìjọ tàbí ní àdúgbò, wọ́n á kọ́ ọ: “Bí hóró bá ti gbó ni kí o gbìn ín, má jẹ́ kó gbẹ. Po iyanrìn odò àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Gbé e síta kí yìnyín bò ó. Ó lè tó ọdún méjì kó tó hù. Oòrùn àárọ̀ ló fẹ́, kì í ṣe ti ọ̀sán. Kí ìdí rẹ̀ máa tutù, kí omi máa ṣàn kọjá, kó má dúró síbẹ̀. Ó tún lè tó ọdún mẹ́rin kó tó yọ òdòdó. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ gbin àlùbọ́sà.”

Ní òwúrọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2019, Màmá kò lè dìde mọ́. Bàbá fi ọ̀pá rìn lọ sí àfonífojì láti bá wọn ka òdòdó tó yọ.

“Mélòó ni, Murdo?”

“Ishbel, mi ò lè kà á tán.”

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti sùn.

Wọ́n fi Bàbá Murdo sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú Fergus àti Rhona, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Isla.

Ẹ sùn re o, Ìyá wa onísùúrù. Kí ilẹ̀ òkè tutù sí yín lára. Kí Olúwa tí ó mọ àsìkò ohun gbogbo jí yín ní àsìkò Rẹ̀.