Kíláàsì Tí Bàbá Ẹ Tẹ̀ Lé Ìyá Ẹ Lọ

Àbíkẹ́yìn, gbé báàgì ẹ sílẹ̀, fa àga, kó o fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́. Ìyá ẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ẹ ń sùn ní yàrá, má jí i.

Torí ìwọ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú òkùnkùn nìyá ẹ ṣe wá kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ obìnrin bó ṣe máa gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ jàǹdùkú, kóun náà lè wá kọ́ ẹ. Bàbá ẹ ní obìnrin nìkan ò lè kọ́ nǹkan gidi níbẹ̀, ló bá tẹ̀ lé e lọ láàárọ̀ yìí.

Tíṣà, obìnrin ni, ní kí bàbá ẹ kàn di ìyá ẹ lọ́wọ́ mú. Ni àlejò bá ń pín ẹran onílé. "Ìyàwó mi, rọra. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tíṣà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Odindi kíláàsì obìnrin wá dúró bí òpó, wọ́n ń wòran ọkùnrin kan ṣoṣo. Ìyá ẹ bá yíjú sí i.

"Bàbá Àbíkẹ́yìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti dì í mú dáadáa?"

"Gbọningbọnin."

Ìyá ẹ yí ọwọ́, ó fi ìbàdí gbé e, ilẹ̀ sì gbà á.

Orí ilẹ̀ yẹn ni bàbá ẹ wà tó fi sọ fún tíṣà pé kíláàsì yìí, obìnrin nìkan ló yẹ ẹ́.