Ẹṣin Lyle Tí Dobbs Ń Gùn

Orrin ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí pé ìwé yìí lè pẹ́ kó tó bá ọ ní Abilene. Dobbs kọ́ ló pa Lyle àbúrò rẹ. Lóòótọ́, ẹṣin Lyle ló ń gùn, àmì irin gbígbóná tí a fi ń sàmì sí ẹran wa sì wà ní itan ẹṣin náà, ṣùgbọ́n ṣe ló rà á. Ẹni tó tà á fún un ti jẹ́wọ́ pé òun ló pa Lyle.

Ìyàwó Dobbs gbé ọmọ ọwọ́ wá síbí lánàá, ó fi ìwé tí wọ́n fi ra ẹṣin náà hàn mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi pe ọmọ yín padà."

Èmi ni mo gbé ìbọn lé ọ lọ́wọ́ pé kí o lépa Dobbs, kí o pa á. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ara màmá rẹ le, ó ń kí ọ. Àwo ẹ̀yin méjèèjì ló ṣì ń gbé kalẹ̀. Màlúù pupa ti bímọ.

Jọ̀ọ́, tètè fèsì, kódà bí o bá ti yìnbọn.